Ẹ̀yin Ọ̀nọ́rébù, Káàdì Wa Dà?

Olótùú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà á nítòsí ibùdókọ̀ tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀. Bí mo bá kà á tán, ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á gbà á, ó di ohun tí wọ́n fi ń di àkàrà. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí.

Lẹ́tà kan tó jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni n kò jẹ́ kó débẹ̀. Mo fi abẹ gé e, mo kì í bọ àárín ìwé àkọsílẹ̀ mi, ibẹ̀ ló wà títí di òní. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ náà ti sú òun. Pé àwa ará ìlú ti sọ èébú olóṣèlú di oúnjẹ òwúrọ̀. Pé ìka ò dọ́gba. Pé olóṣèlú gidi wà níbẹ̀, àmọ́ bí a ò ṣe gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ ló ń lé ọmọlúàbí sá kúrò nínú òṣèlú. Ó wá béèrè pé ṣé ó tọ́ kí gbogbo ìlú kẹ̀yìn sí wọn báyìí.

Láti ọjọ́ náà ni ìdáhùn ti ń gbóná lẹ́nu mi bí ẹni họ iṣu jẹ láìfẹ́ atẹ́gùn sí i. Iṣẹ́ alájọ ni iṣẹ́ mi. Láti 1994 ni mo ti ń gba àjọ ojoojúmọ́ nínú ọjà kan ní Ìbàdàn níbí. Ọ̀rọ̀ pé ta ni kí á gbà gbọ́, ta ni kí á má gbà gbọ́, òun ni mo ń jẹ, òun ni mo fi rán ọmọ mẹ́rin nílé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn ọmọ ìwòyí tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ń dá àjọ tiwọn. Oníbàárà á ní òun fẹ́ máa dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lójúmọ́. N ó ya káàdì kan fún un tó ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ tó bá ti san, mo fi báírò fa ilà kan sójú káàdì tirẹ̀, mo fa ilà kan sínú ìwé tèmi. Ilà méjì lórí owó kan ṣoṣo. Bí ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá pé, mo kó owó ọgbọ̀n ọjọ́ fún un, mo mú ti ọjọ́ kan. Ìyẹn ni owó iṣẹ́ mi. Káàdì yẹn kì í gbé ọ̀dọ̀ mi o, ọ̀dọ̀ oníbàárà ló ń sùn. Òmíràn ń fi há abẹ́ gèlè, òmíràn ń kì í bọ inú agolo mílíìkì. Ìyá Aláta, tí mo máa tó sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú ọ̀rá ló ń di tirẹ̀ sí, á wá so ọ̀rá náà mọ́ ìdí ìró.

Àwọn èèyàn a máa pè mí ní Alájọ Ṣómólú láti fi yẹ́ mi sí. Ẹ mọ ìtàn rẹ̀: ó gba owó oṣù mẹ́ta láì kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ṣi ti ẹnikẹ́ni san. Mo máa ń sọ fún wọn pé orí tèmi ò pé tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú káàdì wá. Wọ́n tún ní ọkùnrin náà ta mọ́tò ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ẹ bá mi wá olóṣèlú kan tó dé ipò tán tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, kí èmi náà lè máa sọ ìtàn tirẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà mi ò gbà mí gbọ́. Mo ń sọ ọ́ láìtijú. Lálaalẹ́ ni Ìyá Aláta ń ka ilà orí káàdì rẹ̀, bó ṣe ń kà á ní 1994 náà ló ń kà á lónìí. Bí ojú rẹ̀ ò ṣe ríran dáadáa mọ́, ó ń fi èékánná tọ ojú ibi tí báírò ti tẹ ìwé mọ́lẹ̀. N kò bá a bínú rí. Kí ni n ó máa bínú sí? Owó rẹ̀ ni.

Ní 2011, alájọ kan tí ìsọ̀rí tirẹ̀ bá tèmi pààlà kó owó oṣù méjì àwọn èèyàn lọ. A jí lọ́jọ́ kan, a ò bá a. Ìyàwó rẹ̀ ní òun náà ò mọ ibi tó gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èmi tí n kò jí kọ́bọ̀ ti pàdánù ogójì oníbàárà. Wọ́n kàn dédé ní àwọn ò ṣe mọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ tilẹ̀ wò mí lójú, ó ní, «Ẹ ò tíì sá lọ ni?» Nítorí náà, mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí kò jalè tí wọ́n ń kà mọ́ olè. Ọ̀gbẹ́ni onílẹ́tà wa lè jẹ́ kí n bá a kẹ́dùn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni mo ṣe? Ṣé mo dúró láàárín ọjà kí n máa ṣàlàyé pé ìka ò dọ́gba? Mo wá onídùúró méjì, onílé ni àwọn méjèèjì, mo mú wọn wá síwájú ìyálọ́jà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kí n máa san tirẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, n ó máa san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbà mí ní ọdún kan àtààbọ̀ kí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ogójì náà tó padà, ẹni méje ò padà títí di òní. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Olóṣèlú gidi tó wà níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń bàjẹ́ nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ló ń ṣe sí i? Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ráhùn lórí rédíò. N kò tíì gbọ́ èyí tó gbé ìwé rẹ̀ wá sí ọjà.

Mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí ní 2023, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára.

Ní oṣù kẹwàá 2022 ni wọ́n kéde pé igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan náírà máa pa àwọ̀ dà, kí á kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. A kó ti àtijọ́ lọ, a ò rí tuntun gbà. Wọ́n ní ara ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni kí olóṣèlú má baà rí owó ra ìbò. Títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí á máa ná owó àtijọ́ títí ìparí ọdún, ojú ará ọjà rí màbo.

Gbogbo àjọ oṣù kìíní ni mo ti kó sí báńkì bí wọ́n ṣe ní ká ṣe. Oníbàárà mẹ́tàlélọ́gọ́rin ń retí mi, owó wọn lápapọ̀ jẹ́ 1,186,000 náírà. Mo dé báńkì ní aago márùn-ún ìdájí, nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún mi ni 214. Nígbà tó fi máa kàn mí, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbà. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, ẹni tó bá fẹ́ ẹgbẹ̀rún kan á fi igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún lé e.

Ọjọ́ tí mo padà sọ́jà lọ́wọ́ òfo, mo rò ó kí n sá. N ò ní purọ́ fún yín. Ẹsẹ̀ mi ti yà sí kọ̀rọ̀ tó jáde sí títì kí n tó rántí pé ilé mi ò ju ibùdókọ̀ méjì lọ sí ọjà náà. Ibo ni mo fẹ́ sá gbà? Mo wọlé. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ló kọ́kọ́ rí mi, ó di ọrùn ẹ̀wù mi mú. Owó ìdánwò ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un sì ti sún mọ́lé. Mo gun orí bẹ́ǹṣì alápatà, mo ṣí fóònù mi, mo ní kí ọmọ kan tó kàwé ka iye tó wà nínú àkáùntì mi sókè. Ó kà á. Wọ́n ní kó tún un kà. Mo wá na ìwé mi sókè, mo ní kí oníkálukú mú káàdì rẹ̀ wá ká fi wéra. Láti aago mọ́kànlá ni a ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú lọ kí á tó parí. Nínú káàdì mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ni tirẹ̀ ò bá tèmi mu, ọjọ́ méjì ni tirẹ̀ fi lé. Mo kọ ọ́ bó ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí ìwé alájọ àti káàdì oníbàárà bá ti jà, káàdì ló máa ń borí.

Bí a ṣe wá yanjú rẹ̀ ni pé mo ń fi fóònù sanwó fún àwọn olówò ńlá ní Bódìjà, oníbàárà mi á lọ gbé ọjà iye tí mo jẹ ẹ́: ẹni tó fẹ́ ẹ̀wà, ẹni tó fẹ́ epo, ẹni tó fẹ́ gààrí. Tíráńsífà òmíràn á lọ lónìí, á dé lọ́túnla, èmi àti olówò á jọ máa wo ojú fóònù bí ẹni ń retí òjò. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi san gbèsè náà tán. Ṣòkòtò mi ò dúró nídìí mi mọ́.

Nínú ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn ni Ọ̀nọ́rébù dé.

Kò tíì di Ọ̀nọ́rébù nígbà náà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló fẹ́ lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, torí àwọn ẹgbẹ́ yòókù náà wá, ankárá wọn ló yàtọ̀ síra. Dùǹdún ló ṣáájú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ yọ orí jáde láti òkè jíìpù, ó ń fọ́n owó. Owó tuntun o! Igba náírà tó ń dán, tí ìwé tí báńkì fi di ìdì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń fi ọ̀sẹ̀ méjì gbé ọjà láwìn wo owó náà, wọ́n wá yíjú wò mí. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní, «Alájọ, báńkì tirẹ̀ àti tìrẹ kì í ṣe ọ̀kan náà ni?»

Ó sọ̀kalẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Ó ní kí òjò tó ń bọ̀ tó rọ̀, gbogbo òrùlé ọjà máa gba páànù tuntun. Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, ti ọkùnrin kan, ti obìnrin kan. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé nǹkan gidi ló ṣèlérí. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jà wa, inú ṣọ́ọ̀bù àti ìta kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yìn ilé onílé sì ni obìnrin tó ti dàgbà ń lọ tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni Ìyá Aláta dìde. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ata sì ń bẹ ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, gbogbo èèyàn ló ń yẹ̀ fún un. Ó dé iwájú rẹ̀, ó na káàdì kan sí i, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà.

«Ọmọ mi, o káre. Gbà, kọ ọ́ síbí.»

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, «Màmá, ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?»

Ìyá Aláta fi ẹnu júwe mi. «Alájọ tó dúró sọ́hùn-ún yẹn, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbowó mi, n kò gbà á gbọ́ rí. Ṣé orí tìrẹ ni kí n ti wá bẹ̀rẹ̀?»

Gbogbo ọjà hó yèè. N kò lè sọ fún yín bí mo ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń rìn bí olè, ìgbà tí ìyá yẹn sọ pé òun ò gbà mí gbọ́ rí ni ara mi wá balẹ̀. Olùdíje náà fa báírò yọ létí mi (etí ọ̀tún ni mo máa ń kì í sí), ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì: «Páànù ọjà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 2.» Ó buwọ́ lù ú fáàrì. Ó kó ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lé Ìyá Aláta lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ tuntun. Ìyá gbà á. Báírò mi ò padà wá.

Lálẹ́ mo ní, «Màmá, ẹ ní ẹ ò gbà á gbọ́, ẹ tún gba owó ọwọ́ rẹ̀.» Ó wò mí bí ẹni wo òpònú. «Owó ta ni?» ló bi mí.

Ìtàn yẹn ò tíì tán. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí á dìbò ìpínlẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, nígbà tí ọmọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ mìíràn wá bá mi nílé. Ó jẹ́ ọmọlúàbí, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní àwọn gbọ́ pé orúkọ àti nọ́ńbà àkáùntì àwọn ìyá ọjà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ rántí gbólóhùn «dìbò kí o sebẹ̀», ìyẹn kí èèyàn ta ìbò rẹ̀ gba owó ọbẹ̀, tó gbajúmọ̀ ní Èkìtì ní 2018. Nígbà tí owó ò sí lóde mọ́, ó di dandan kí ọbẹ̀ náà gba orí fóònù. Ìwé mi ni wọ́n fẹ́ fi pín in. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ni tèmi, kí n ṣáà yá wọn ní ìwé náà fún alẹ́ kan.

Mo jẹ gbèsè lọ́wọ́ ìyàwó mi nígbà yẹn, mo jẹ gbèsè lọ́wọ́ àbúrò mi. Mo ní kó padà wá láàárọ̀. N kò sùn. Nígbà tó dé, mo ní kò ṣeé ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà mímọ́ ló mú mi. Ẹ̀rù Ìyá Aláta ló bà mí. Bí owó ṣàdédé wọ àkáùntì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí, kò ní í bi Ọlọ́run, èmi ló máa bi. Ká ní wọ́n gbà mí gbọ́ nínú ọjà yẹn bí wọ́n ṣe ń gba wòlíì gbọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n ó ti gbé ìwé náà sílẹ̀ kí n sì jẹ àádọ́ta náà.

Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni onílẹ́tà. Ó ní a ò gba olóṣèlú gbọ́, pé àìsàn ni. Ní ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò kò pé mílíọ̀nù 25. Àìsàn tòótọ́ nìyẹn, àmọ́ orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Oníbàárà tí kò gbà mí gbọ́ ń ka káàdì rẹ̀ lálaalẹ́. Èyí tí kò jáde mọ́, tó ní gbogbo wọn ọ̀kan náà ni, ti ju káàdì sínú góta. Olóṣèlú ò bẹ̀rù irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ni wọ́n ń wá.

Bàbá àgbà mi, tó bí bàbá mi, jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn pọ́ńbélé fún Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn ayé ìgbà náà. Ní 1954, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ń gba owó orí kún owó orí tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ làwọn fẹ́ fi ṣe, bàbá àgbà ní irọ́ ni, wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Òun nìkan kọ́. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ tó wáyé lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ Adélabú, NCNC, na ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn níbí. Nígbà tó di oṣù kìíní 1955, ilé ìwé ṣí. Bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé síléètì wálé, ó kọ A sí i, bàbá àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i sókè yí i sódò. Wọ́n ní kò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń lé e pé kó má pẹ́ dé ilé ìwé. Kò fi Adélabú sílẹ̀ o! Kódà nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí Nicholson tú àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn, tí Adélabú jẹ́ alága rẹ̀, wò tí ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò dára, tí Adélabú sì fi ipò sílẹ̀ ní 1956, bàbá àgbà ò yẹ̀. Ó ní ẹni tí òun fẹ́ràn lòun fẹ́ràn. Lọ́jọ́ tí mọ́tò pa Adélabú ní 1958, bàbá mi ní ọjọ́ yẹn nìkan ni òun rí omi lójú rẹ̀.

Mo máa ń ronú sí bàbá yẹn. Ẹni tó fẹ́ràn, kò bi í ní ìṣirò. Ẹni tí kò fẹ́ràn, tó rò pé olè ni, òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní A. Síléètì ló rí, kì í ṣe ìwàásù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde láti Akànràn ní 1968 sí 1969, Àgbẹ̀kọ̀yà, ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pé owó orí ń lọ sókè, kòkó ń lọ sílẹ̀, ọ̀nà oko ò sì ṣeé rìn. Níbo ni owó ń wọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ lórí ìbéèrè yẹn.

Àwọn tòní ńkọ́? Mo fẹ́ràn ìṣirò, ẹ gbà mí láàyè. Lẹ́yìn tí epo bẹntiróò fò sókè ní oṣù karùn-ún 2023, kó tó di ìparí ọdún náà ni ìròyìn jáde pé jíìpù tí wọ́n fẹ́ rà fún àwọn aṣòfin Àbújá, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó mílíọ̀nù 160 náírà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù nígbà yẹn jẹ́ ẹgbẹ̀rún 30. Mo jókòó pẹ̀lú báírò. Òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún oṣù 5,333 láì jẹun, láì wọkọ̀. Ọdún 444 nìyẹn. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ọ̀nà wa ò dára, mọ́tò kékeré ò lè gbà á. Mo ka àlàyé yẹn fún Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ó bi mí pé ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún ọ̀nà ṣe. Èmi lálájọ, mo ń mú ọjọ́ kan nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹnì kan lè ní kí ni àwa ṣe? A gbìyànjú. Òfin kan wà láti 2011 tó ní ará ìlú lè kọ̀wé béèrè ohun tí ìjọba ń fi owó ṣe, pé kí wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ méje. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọjà wa, tó jẹ́ olùkọ́ fẹ̀yìntì, kọ ọ́ dáadáa: ṣé owó páànù ọjà wà nínú ìwé ìṣúná, èló ni, ta ló gba iṣẹ́ náà. Èmi àti rẹ̀ la jọ gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan. Ẹni tó gbà á wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá bi wá pé, «Ta ló rán yín?» Akọ̀wé ní ọjà ló rán wa. Ó ní, «Mo mọ̀. Ẹgbẹ́ wo ló rán yín?» Ó lé ní ọdún kan báyìí. Fáìlì ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá, ọ̀gá ò sì sí nílé.

Kí n má ṣàbòsí, Ọ̀nọ́rébù wa ṣe nǹkan kan. Ó gbé iná sólà kan sí ẹnu ọ̀nà ọjà, ó ní àwòrán rẹ̀ lára, orúkọ rẹ̀ sì tóbi ju gílóòbù lọ. Inú wa dùn sí i. Ó tàn fún àkókò òjò kan. Wọ́n ní kí Ìyá Aláta fa ilà kan fún un, ó ní òun ò bá a sọ̀rọ̀ iná.

Ẹ má gbàgbé pé káàdì yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti búra wọlé, gbogbo ìparí oṣù ni ìyá náà ń pè mí wá sí ìsọ̀ rẹ̀ pé kí n fi báírò fa ilà sójú kan, ilà fún oṣù tí páànù ò dé. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìparí oṣù kejìlá ọdún tó kọjá yìí, ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n pé. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

«Alájọ, ó ti kún. Ta ni yóò san án?»

Mo ní n ó kọ̀wé sí yín. Wọ́n ti ń lẹ àwòrán ti 2027 mọ́ ògiri wa, wọ́n á tó gbé dùǹdún dé. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí jáde, ó ṣeé ṣe kí Ọ̀nọ́rébù tàbí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan rí i kó tó di ohun ìdi àkàrà. Kó má wá mi, ìwé tó buwọ́ lù kò sí lọ́dọ̀ mi. Inú ọ̀rá ló wà, ní ìdí ìró Ìyá Aláta. Tó bá ti gba abẹ́ òpó tí iná rẹ̀ kú sí wọlé, ìsọ̀ kẹta lápá ọ̀tún ni, èyí tí wọ́n fi tapólì bo orí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Alájọ,
Ìbàdàn.